'Níbo ni àwọn mẹ́rin yòókù wà?': Ọ̀rọ̀ dókítà kan fún àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ kọ ìwé ìwádìí lórí ìpààrọ̀ kíndìnrín

Iṣẹ́ abẹ ìpààrọ̀ kíndìnrín kì í ṣe ohun tuntun mọ́ ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, àmọ́ ìwé ìwádìí tó ń sọ ohun tí ojú àwọn aláìsàn wa ń rí lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà kò tíì pọ̀ tó. Èyí ni ọ̀rọ̀ tí dókítà kan tó ti pẹ́ nídìí ìtọ́jú kíndìnrín, tó sì máa ń bá àwọn jọ́nà ìmọ̀ ìṣègùn yẹ ìwé wò, bá àwọn ọ̀dọ́ dókítà, nọ́ọ̀sì àti akẹ́kọ̀ọ́ sọ lédè Yorùbá.



Wọ́n ní kí n wá sọ bí èèyàn ṣe ń kọ ìwé ìwádìí, tó sì ń fi í ránṣẹ́ sí jọ́nà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìpààrọ̀ ẹ̀yà ara. Mo mọ̀ pé ohun tí ọ̀pọ̀ yín ń retí ni bí wọ́n ṣe ń to ìwé náà, bó ṣe yẹ kó gùn tó, àti irú lẹ́tà tó yẹ kẹ́ ẹ fi tì í lẹ́yìn. Màá débẹ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìtàn àwọn aláìsàn mẹ́rin kan fún yín.

Nígbà tí mo fẹ́ kọ ìwé mi àkọ́kọ́, mo kó àkọsílẹ̀ àwọn tá a ti pààrọ̀ kíndìnrín fún nílé ìwòsàn tí mo wà nígbà náà jọ. Mo ṣe ìṣirò, ó sì dùn mọ́ mi. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ṣì wà láàyè lẹ́yìn ọdún kan, tí kíndìnrín tuntun náà sì ń ṣiṣẹ́. Mo fi ìwé ránṣẹ́. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, èsì dé. Ọ̀kan lára àwọn tó yẹ ìwé náà wò kọ ọ̀rọ̀ kékeré kan tó gba oorun lójú mi. Ó ní iye èèyàn tó wà nínú àtẹ kìíní fi mẹ́rin ju iye tó wà nínú àtẹ tó kẹ́yìn lọ. Ó wá béèrè pé: "Níbo ni àwọn mẹ́rin yòókù wà?"

Mi ò mọ ibi tí wọ́n wà. Wọn ò wá sí kílíníìkì mọ́, mo bá yọ wọ́n kúrò nínú ìṣirò. Kì í ṣe pé mo fẹ́ purọ́. Bá a ṣe ń ṣe é nígbà náà nìyẹn: ẹni tí kò bá wá, a kì í kà á.

Ọ̀gá mi ní kí n má da ara mi láàmú, kí n gbé ìwé náà lọ sí jọ́nà míì tí kò ní béèrè irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Mo rò ó títí. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi fóònù wá wọn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi wá wọn.

Ẹni àkọ́kọ́ ti kó lọ sí ìlú míì, ara rẹ̀ le, dókítà míì ló ń tọ́jú rẹ̀. Ẹnì kejì ti padà sórí ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀. Àwọn méjì tó kù ti kú. Ìyàwó ọ̀kan nínú wọn ló gbé fóònù. Ó ní: "Dókítà, owó oògùn ló tán. Ó ń gé ẹyọ kan sí méjì, kó lè pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ohun tí mo gé sọnù yẹn gan-an ni ohun tó yẹ kí ìwé mi sọ. Iṣẹ́ abẹ kọ́ ló pa ọkùnrin yẹn. Owó oògùn ni.

Kí nìdí tó fi yẹ ká kọ ọ́ rárá?

Lọ́jọ́ 23 oṣù Kejìlá ọdún 1954, nílùú Boston ní Amẹ́ríkà, Dókítà Joseph Murray àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ yọ kíndìnrín kan lára Ronald Herrick, wọ́n fi sára ìbejì rẹ̀, Richard. Òun ni ìpààrọ̀ kíndìnrín àkọ́kọ́ tó yọrí sí rere tó sì tọ́jọ́. Lọ́dọ̀ tiwa, ọdún 2000 ni wọ́n ṣe àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ní St Nicholas Hospital nílùú Èkó. Lẹ́yìn náà ni Ilé-Ifẹ̀ àti Kánò tẹ̀ lé e. Ghana bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2008, Côte d'Ivoire lọ́dún 2012. Ẹ ò rí i pé iṣẹ́ ti ń lọ.

Àmọ́ tẹ́nì kan bá béèrè lọ́wọ́ yín pé báwo ni ẹni tó gba kíndìnrín ní Kánò ṣe rí lẹ́yìn ọdún márùn-ún, kí lẹ máa sọ? Ohun tí wọn ò kọ sílẹ̀, àfi kéèyàn máa méfò.

Ẹ jẹ́ ká mú oògùn tacrolimus, tí gbogbo yín mọ̀, èyí tí kì í jẹ́ kí ara kọ kíndìnrín tuntun. Èròjà kan wà lára èèyàn tí wọ́n ń pè ní CYP3A5. Lára ẹni tó bá ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa, kíá ni oògùn náà máa ń tán nínú ẹ̀jẹ̀. Ìtọ́sọ́nà kan tó jáde lọ́dún 2015 sọ pé kí wọ́n fi ìlọ́po kan ààbọ̀ sí ìlọ́po méjì ìwọ̀n tó wọ́pọ̀ bẹ̀rẹ̀ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Irú èèyàn bẹ́ẹ̀ pọ̀ gan-an láàárín àwa tá a jẹ́ ọmọ Áfíríkà, wọ́n sì kéré láàárín àwọn òyìnbó. Ẹ wá ro ti aláìsàn tí ìwọ̀n tí dókítà kọ fún un kò tó, tí òun náà tún ń gé e sí méjì torí owó.

Àpẹẹrẹ míì rèé. Lọ́dún 1999, àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà gbé ìṣirò kan jáde tí wọ́n fi ń mọ bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́ sí. Tí aláìsàn bá jẹ́ aláwọ̀ dúdú, ìṣirò náà máa ń fi nǹkan kún un, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú márùn-ún. Ohun tíyẹn túmọ̀ sí ni pé kíndìnrín aláwọ̀ dúdú máa ń dà bíi pé ó dáa ju bó ṣe rí lọ, kò sì ní tètè dé orí ìlà àwọn tó ń dúró de kíndìnrín. Ó di ọdún 2021 kí àwọn ẹgbẹ́ dókítà kíndìnrín níbẹ̀ tó ní kí wọ́n pa á tì. Ní oṣù Kìíní ọdún 2023, wọ́n pàṣẹ pé kí àwọn ilé ìwòsàn dá àkókò tí àwọn aláwọ̀ dúdú ti pàdánù padà fún wọn. Nígbà tó fi máa di ọdún 2024, àwọn tó rí àkókò wọn gbà padà ti lé ní 14,000.

Ṣé ẹ rí agbára tó wà nínú ìwé ìwádìí? Iye kan nínú ìwé kan lè dá èèyàn dúró lórí ìlà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìwé míì ló sì tún un ṣe.

Èyí tó kàn wá jù ni ti jíìnì APOL1. Láti ọdún 2010 làwọn onímọ̀ ti mọ̀ pé oríṣi méjì jíìnì yìí, tó pọ̀ láàárín àwa ará Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, máa ń mú kí àrùn kíndìnrín tètè ṣeni. Lọ́dún 2024, ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà àti Ghana jáde nínú jọ́nà New England Journal of Medicine. Àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò lé ní 8,000, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá mẹ́ta wọn tó ní jíìnì eléwu náà ní ẹ̀dà méjì. Wàyí o, tí ẹ̀gbọ́n bá fẹ́ fún àbúrò rẹ̀ ní kíndìnrín kan, tí ẹ̀gbọ́n náà sì ní ẹ̀dà méjì, ṣé ká gbà á lọ́wọ́ rẹ̀? Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí òun fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ogún ọdún? Kò sẹ́ni tó wà nípò tó dáa ju tiwa lọ láti dáhùn ìbéèrè yẹn.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí olóòtú máa bi yín: Ibo ni kíndìnrín náà ti wá?

Jọ́nà tó ń rí sí ìpààrọ̀ ẹ̀yà ara kò dà bíi jọ́nà yòókù. Nínú iṣẹ́ abẹ míì, aláìsàn kan ṣoṣo ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Nínú tiwa, èèyàn méjì ni, ọ̀kan nínú wọn kì í sì í ṣe aláìsàn. Ara rẹ̀ le nígbà tó wọ tíátà. Torí náà, kí olóòtú tó wo ìṣirò yín, ó máa kọ́kọ́ wo bí ẹ ṣe ṣe ẹni yẹn.

Lọ́dún 2008, àwọn onímọ̀ láti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè pé jọ sí Istanbul, wọ́n sì gbé ìkéde kan jáde tó lòdì sí títa ẹ̀yà ara àti rírìnrìn àjò lọ ra ẹ̀yà ara aláìní. Wọ́n tún un ṣe lọ́dún 2018. Ọ̀pọ̀ jọ́nà ìpààrọ̀ ẹ̀yà ara ló máa ń fẹ́ kẹ́ ẹ kọ ọ́ kedere pé iṣẹ́ yín bá ìkéde yẹn mu, àti pé ẹ̀yà ara náà kò ti ọ̀dọ̀ ẹlẹ́wọ̀n wá.

Kí ló fà á? Lọ́dún 2019, jọ́nà BMJ Open gbé ìwádìí kan jáde tó yẹ ìwé 445 wò, tí gbogbo wọn dá lórí ìpààrọ̀ ẹ̀yà ara ní China. Nínú ìwé 412, ìyẹn ìdá 92.5 nínú ọgọ́rùn-ún, wọn ò sọ bóyá ara àwọn ẹlẹ́wọ̀n tí wọ́n pa ni ẹ̀yà ara náà ti wá tàbí ibòmíì. Nínú ìwé 439, wọn ò sọ pé àwọn tó ni ẹ̀yà ara náà yọ̀ǹda rẹ̀. Lẹ́yìn náà, àwọn jọ́nà kan fagi lé lára àwọn ìwé náà. Àwọn tó kọ ìwé yẹn ti ṣe wàhálà, àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò náà ti ṣe wàhálà, àmọ́ kò sẹ́ni tó béèrè ohun tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ará China nìkan nìyẹn. Gbogbo wa la gbọ́ ẹjọ́ Sẹ́nétọ̀ Ike Ekweremadu nílùú London. Ní oṣù Kẹta ọdún 2023, ilé ẹjọ́ dá òun, ìyàwó rẹ̀ àti dókítà kan lẹ́bi pé wọ́n mú ọ̀dọ́kùnrin tó ń tajà lójú pópó l'Ékòó lọ sí Ìlú Ọba kí wọ́n lè gba kíndìnrín rẹ̀. Àwọn dókítà ibẹ̀ ló kọ̀ láti ṣe é, torí pé ọmọ náà kò mọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe fún un dáadáa. Nílé wa ńbí náà, Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 2014 kò fàyè gba kéèyàn gbowó lórí ẹ̀yà ara, kò sì fàyè gba kí wọ́n yọ kíndìnrín lára ẹni tí kò tíì pé ọdún 18.

Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá ń kọ ìwé, ẹ kọ kí ni ẹni tó fi kíndìnrín sílẹ̀ jẹ́ sí ẹni tó gbà á. Ẹ kọ ẹni tó bá a sọ̀rọ̀ lóun nìkan, láìsí ẹbí ńbẹ̀, àti èdè tí wọ́n fi bá a sọ ọ́. Ẹ kọ bóyá wọ́n fún un lówó ọkọ̀ àti owó iṣẹ́ tó pàdánù, tàbí wọn ò fún un ní nǹkan kan. Ẹ sì kọ bí ara rẹ̀ ṣe rí lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Mo ti yẹ ọ̀pọ̀ ìwé wò tó jẹ́ pé tí wọ́n bá ti yọ kíndìnrín náà tán, a kì í gbọ́ nǹkan kan nípa ẹni tó fi í sílẹ̀ mọ́.

Lẹ́tà ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ nínú ìwádìí ńkọ́? Ẹ gbà á kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ rántí Kánò lọ́dún 1996, nígbà tí àrùn yírùnyírùn, ìyẹn meningitis, ń jà níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ Pfizer ṣe ìwádìí oògùn Trovan pẹ̀lú àwọn ọmọdé 200, apá kan gba Trovan, apá kejì gba oògùn míì. 11 nínú àwọn ọmọ náà ló kú. Pfizer ní àrùn náà ló pa wọ́n, kì í ṣe oògùn, àmọ́ ọ̀kan lára ohun tó dá awuyewuye sílẹ̀ jù ni lẹ́tà ìfọwọ́sí tí wọ́n ní ẹ̀yìn ìgbà tí iṣẹ́ ti parí ni wọ́n kọ ọ́, tí wọ́n wá fi ọjọ́ àtẹ̀yìnwá sí i. Títí dòní, ọ̀rọ̀ náà ò tíì kúrò lọ́kàn àwọn òbí níbẹ̀. Ẹ má ṣe bẹ ẹnikẹ́ni kó bá yín fi ọjọ́ àtẹ̀yìnwá sí lẹ́tà.

Ta ló yẹ kí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé?

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kò rọrùn láwùjọ wa. Ọ̀gá ni ọ̀gá ń jẹ́. Àmọ́ ìgbìmọ̀ àgbáyé àwọn olóòtú jọ́nà ìmọ̀ ìṣègùn, tí wọ́n ń pè ní ICMJE, ti sọ nǹkan mẹ́rin tó gbọ́dọ̀ pé sí ara ẹni tá a máa pè ní òǹkọ̀wé. Ó gbọ́dọ̀ ti kópa tó nítumọ̀ nínú èrò iṣẹ́ náà, nínú kíkó àkọsílẹ̀ jọ tàbí nínú ìṣirò rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ wà lára àwọn tó kọ ọ́ tàbí tó tún un ṣe. Ó gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí èyí tó máa jáde gan-an. Ó sì gbọ́dọ̀ gbà láti dáhùn fún un tí ọ̀rọ̀ bá délẹ̀. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló gbọ́dọ̀ pé. Ẹni tó fún yín ní yàrá, tó bá yín wá owó, tàbí tó jẹ́ olórí ẹ̀ka, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ìwé.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀rọ onílàákàyè àtọwọ́dá tí àwọn ọ̀dọ́ ń lò báyìí. Kò lè jẹ́ òǹkọ̀wé, torí kò sí bó ṣe lè dáhùn fún ohun tó bá kọ. Tẹ́ ẹ bá lò ó, ẹ sọ pé ẹ lò ó, kẹ́ ẹ sì yẹ gbogbo ohun tó bá sọ wò. Ó máa ń ṣàròsọ àwọn ìwé ìwádìí tí kò sí níbì kankan.

Ẹ má rò pé orúkọ lásán ni. Dókítà Paolo Macchiarini, oníṣẹ́ abẹ tó ṣiṣẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ Karolinska ní Sweden, kọ̀wé sínú jọ́nà Lancet nípa ọ̀nà èémí àtọwọ́dá tó fi sára àwọn aláìsàn. Ìwé náà ní nǹkan ń lọ dáadáa. Kò rí bẹ́ẹ̀ lára àwọn aláìsàn náà. Àwọn mẹ́ta tó ṣe é fún ní Karolinska ló kú lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn. Lọ́dún 2018, Karolinska dá òun àti mẹ́fà lára àwọn tí wọ́n jọ kọ̀wé náà lẹ́bi, Lancet sì fagi lé ìwé méjì. Lọ́dún 2023, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní Sweden rán Macchiarini lẹ́wọ̀n ọdún méjì ààbọ̀. Ẹ rò ó wò ná: àwọn mẹ́fà yẹn náà fi orúkọ wọn sílẹ̀.

Báwo lẹ ṣe máa to ìwé náà?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí ìbéèrè kan ṣoṣo. Tẹ́ ò bá lè sọ ìbéèrè yín fún nọ́ọ̀sì tẹ́ ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ kó sì yé e, ẹ má tíì kọ ìwé.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá ìwé àyẹ̀wò tó bá irú iṣẹ́ yín mu. Tó bá jẹ́ pé àkọsílẹ̀ aláìsàn lẹ kó jọ, STROBE ni. Tó bá jẹ́ ìtàn aláìsàn kan, CARE ni. Tó bá jẹ́ oògùn lẹ dán wò nípa pípín èèyàn sí ọ̀wọ́, CONSORT ni. Tó bá jẹ́ pé ìwé àwọn ẹlòmíì lẹ kó jọ yẹ̀ wò, PRISMA ni. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ má dúró dìgbà tẹ́ ẹ bá kọ ìwé tán kẹ́ ẹ tó wò ó. Ìgbà tẹ́ ẹ bá ń múra iṣẹ́ sílẹ̀ ló yẹ kẹ́ ẹ ti wò ó.

Ẹ ka gbogbo èèyàn. Ẹ kọ iye àwọn tí ẹ ṣe iṣẹ́ abẹ fún, iye àwọn tó kú, iye àwọn tí kíndìnrín wọn kọṣẹ́, àti iye àwọn tí ẹ ò rí mọ́. Ẹ sọ ohun tí ẹ̀ ń pè ní kíndìnrín tó kọṣẹ́: ṣé ìgbà tí aláìsàn padà sórí ẹ̀rọ ni, àbí ìgbà tó kú? Ẹ sọ oṣù tẹ́ ẹ fi tẹ̀ lé wọn. Ẹ wá onímọ̀ ìṣirò látìbẹ̀rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá dìgbà tí nǹkan ti dàrú kẹ́ ẹ tó pè é, ohun tó máa lè ṣe kò ní ju kó sọ ohun tó pa iṣẹ́ náà fún yín lọ.

Tí àwọn aláìsàn yín kò bá pọ̀, ẹ má tijú. Ẹ kọ iye wọn bó ṣe jẹ́. Èèyàn ogún tẹ́ ẹ tẹ̀ lé dáadáa fún ọdún márùn-ún, láìsọ ẹnì kankan nù, wúlò fún mi ju igba èèyàn tí ìdajì wọn ti pòórá lọ.

Ẹ sì dáàbò bo àwọn aláìsàn yín. Nílùú Boston, tẹ́ ẹ bá kọ pé obìnrin ẹni ọdún 34, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ ọ́n. Lọ́dọ̀ tiwa, tó bá jẹ́ pé òun nìkan ni wọ́n ṣe é fún nílùú náà, tí ìjọ rẹ̀ sì ti dáwó jọ fún un, gbogbo àdúgbò ló máa mọ̀ pé òun ni. Yíyọ orúkọ nìkan kò tó. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kọ ìtàn ẹnì kan, ẹ kà á fún un lédè tó gbọ́, kó tó fọwọ́ sí i.

Jọ́nà wo lẹ máa fi ránṣẹ́ sí?

Lọ́sẹ̀ yìí nìkan, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ ti rí ímeèlì tó pè yín ní "Ọ̀jọ̀gbọ́n olókìkí", tó ní kẹ́ ẹ fi ìwé ránṣẹ́, pé yóò jáde láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀fìn ni. Wọ́n á gba owó yín, wọn ò ní yẹ nǹkan kan wò, iṣẹ́ ọdún méjì á wá sin síbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí jọ́nà kan, ẹ wo àwọn olóòtú rẹ̀, ṣé èèyàn gidi ni wọ́n? Ṣé wọ́n kọ iye owó síta kedere? Ṣé ẹnikẹ́ni tẹ́ ẹ mọ̀ ti ka ìwé kan níbẹ̀ rí? Ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní Think. Check. Submit. tó máa tọ́ yín sọ́nà lórí èyí. Ẹ tún lè wo African Journals Online, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1998, tó sì wà ní South Africa báyìí, fún àwọn jọ́nà ilẹ̀ wa.

Ti owó wá ńkọ́? Àwọn jọ́nà kan máa ń gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là kí ìwé tó jáde lọ́fẹ̀ẹ́ fún òǹkàwé. Àwọn míì kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ òǹkọ̀wé. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń gbowó ló máa ń dín in kù tàbí kí wọ́n fojú fò ó fún àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó. Ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó fi ìwé ránṣẹ́, kì í ṣe lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbà á. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ ka ìwé àwọn ẹlòmíì, ẹ béèrè ní láíbìrì yín bóyá wọ́n wà lórí Hinari, ètò tí àjọ WHO bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2002 kí àwọn orílẹ̀-èdè bíi tiwa lè máa ka jọ́nà lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí ní owó pọ́ọ́kú.

Jọ́nà kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́tà tẹ́ ẹ fi tì í lẹ́yìn kò gbọ́dọ̀ ju ojú ìwé kan lọ. Ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ rí, ìdí tó fi kan àwọn òǹkàwé jọ́nà náà, àti pé ìwé náà kò sí níbòmíì. Ẹ má ki olóòtú. Oríkì kọ́ ló ń wá.

Tí wọ́n bá dá a padà ńkọ́?

Wọ́n á dá a padà. Kò sí ẹnì kankan nínú wa tí wọn ò dá ìwé rẹ̀ padà rí. Lọ́jọ́ tí èsì bá dé, ẹ kà á, kẹ́ ẹ pa kọ̀ǹpútà, kẹ́ ẹ lọ jẹun. Ẹ má fèsì lọ́jọ́ yẹn.

Lẹ́yìn ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, ẹ kọ gbogbo ìbéèrè wọn jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ sì dáhùn sí ìsàlẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tẹ́ ẹ bá gbà, ẹ sọ ojú ìwé tẹ́ ẹ ti tún un ṣe. Èyí tẹ́ ò bá gbà, ẹ sọ ìdí rẹ̀ pẹ̀lú sùúrù. Tí ìbéèrè kan bá dùn yín gan-an, ẹ padà sórí rẹ̀. Ó lè jẹ́ òun ni ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù, bíi ti "níbo ni àwọn mẹ́rin yòókù wà?"

Ẹ jẹ́ kí n parí ìtàn yẹn. Mo tún ìwé mi kọ. Mo kà àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ ọn, èsì náà ò wá dán bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Mo sọ̀rọ̀ owó oògùn níbẹ̀ ní gbangba. Mo kọ orúkọ ọ̀gá mi sí ibi ìdúpẹ́, inú rẹ̀ ò sì dùn sí mi fún ọdún kan gbáko. Ìgbà méjì ni wọ́n tún ní kí n lọ tún un ṣe, kí wọ́n tó gbà á.

Nígbà tó jáde, mo pe obìnrin tó sọ fún mi pé ọkọ òun ń gé oògùn sí méjì. Mo sọ fún un pé ìwé náà ti jáde. Ó béèrè pé: "Dókítà, ṣé orúkọ ọkọ mi wà níbẹ̀?"

Mo ní: "Rárá, Mà, a kì í kọ orúkọ. Àmọ́ ó wà nínú iye wọn."

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní: "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n ṣáà ti kà á mọ́ wọn."

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ lọ ka àwọn èèyàn yín.